Ẹnu Tó Pe Àlejò

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ Yorùbá, èmi a sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Bí lọ́yà bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ̀rọ̀, èmi a fi Yorùbá bi ẹlẹ́rìí. N kò gbọdọ̀ fi kún un, n kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kóòtù kò mọ ìyẹn. Bí wọ́n ṣe rán ọ ni wàá ṣe jẹ́ ẹ. Bí ẹlẹ́rìí bá bú lọ́yà, èmi náà á bú u ní Gẹ̀ẹ́sì tó já geere, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú sí mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo tilẹ̀ máa ń fi ẹnu mi yangàn, n kò ní purọ́.

Nimat ni orúkọ mi. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Alápẹ̀rẹ̀ ni èmi àti Mojeed ọkọ mi ń gbé. Àlùbọ́sà ni Mojeed ń tà ní Mile 12, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó lè fi odidi wákàtí kan ròyìn bí tírélà kan ṣe rìn láti Sókótó, ibi tí táyà ti bẹ́, ohun tí dírẹ́bà sọ fún ọlọ́pàá, ohun tí ọlọ́pàá fi dá a lóhùn. Mo máa ń ní kó jẹ́ kí etí mi sinmi díẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹjọ́ tó kó bá mi ni ti Òkè-Ẹgàn àti Etí-Omi. Òkè-Ẹgàn wà lápá Ìkòsì, lórí ilẹ̀ gíga. Etí-Omi wà lẹ́yìn Mile 12 lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di odò. Ọdún Àlejò ni wọ́n ń jà lé lórí. Lọ́dọọdún, wọ́n ní ẹnì kan a máa ti inú omi wá, a lo ọjọ́ méje láàárín ìlú, a sì padà síbi tó ti wá. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀, Àlejò ni wọ́n ń pè é. Fún ọjọ́ méje yẹn, ilé kọ̀ọ̀kan a fi àga kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lé, tàgbàtèwe a sì máa rọra sọ̀rọ̀.

Òkè-Ẹgàn ní tàwọn ni ọdún náà látòkèdélẹ̀, pé ẹja pípa ló gbé àwọn Etí-Omi débẹ̀. Etí-Omi náà ní tàwọn ni, pé oko ríro ló gbé Òkè-Ẹgàn wá. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ fi igi àti ìgò bá ara wọn sọ ọ́ létí odò, èèyàn mẹ́sàn-án sì dèrò ọsibítù. Bí wọ́n ṣe gbé e dé kóòtù nìyẹn. Adájọ́ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ohunkóhun nínú ọdún náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ sì ni. Àwọn tó ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ayébáyé kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ ara wọn mọ́.

Pa Fáṣínà ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ fún Òkè-Ẹgàn. Àgbàlagbà ni, ó ga, ó gbẹ, fìlà rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan láti àárọ̀. Ìdílé rẹ̀ ló ń pe Àlejò jáde látinú omi. Lọ́yà wọn, Ọlábámijí, ti bi í ní tirẹ̀ tán, ó wá kan Lọ́yà Martha tó ń gbẹjọ́ rò fún Etí-Omi. Obìnrin yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá dìde, àwọn ẹlẹ́rìí a máa wá ibi tí wọn yóò gbé ọwọ́ wọn sí.

Ó béèrè pé, "Bàbá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ń pe Àlejò. Kí lẹ máa ń wí tẹ́ ẹ bá ń pè é?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Pa Fáṣínà.

Ó ní, "A kì í sọ ọ́ níbi tí kò sí omi."

Lọ́yà Martha rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí adájọ́. "My Lord, bàbá ò mọ̀ ọ́n. Tẹ́nì kan bá ní tòun ni nǹkan, ṣebí ó yẹ kó mọ̀ ọ́n."

Iṣẹ́ mi ni láti túmọ̀ ìyẹn náà, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe wọ bàbá náà lára. Kò sí ohun tó ń mú àgbàlagbà ṣìnà bíi kí wọ́n ní kò mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ẹnu rẹ̀ pátápátá, ó sì sọ ọ́ sínú ọwọ́ náà. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Èmi tí mo dúró tì í ni mo gbọ́ ọ. N kò ní kọ wọ́n síbí.

"Interpreter, kí ló sọ?" ni adájọ́ bi mí.

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Sọ ọ́ sókè, Madam. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo wúkọ́ díẹ̀, mo wá tún un sọ, ó dún ketekete, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ rántí pé inú mi dùn sí bí gbólóhùn kẹta ṣe bọ́ sí i.

Pa Fáṣínà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò mí. Ó fi ohùn kékeré bi mí pé, "Aunty, kí ló dé tí o ò fọwọ́ bo ẹnu?"

Kì í ṣe kóòtù ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà n kò túmọ̀ rẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ odò gba inú kóòtù kan. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, kò sì sí odò kankan nítòsí. Igi àpótí ẹlẹ́rìí tí mo gbé ọwọ́ lé tutù, ó sì ń la òógùn bí ìgò omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan rọra bọ́ sórí ahọ́n mi. Ó tutù, ó ń yọ̀, kò sì ní ìtọ́wò kankan. Mo dá itọ́ mì, kò lọ.

Lọ́yà Martha bi í ní ìbéèrè mìíràn: ta ló kọ́ ọ? Mo túmọ̀ rẹ̀. Kí bàbá tó la ẹnu, mo gbọ́ tí ohùn mi ń sọ fún adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ọdún tí wọ́n parí afárá ló kú."

Adájọ́ ti kọ ọ́ tán kí Pa Fáṣínà tó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ọdún tí wọ́n parí afárá ló kú."

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan la mọ̀. Àwọn yòókù rò pé ó ti sọ ọ́ sí mi létí. Adájọ́ tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Madam Nimat, ó yá ọ lẹ́nu lónìí."

Mo rò ó títí. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ, kí ló kan Àlejò nínú Gẹ̀ẹ́sì? Àṣé Àlejò náà kàwé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹjọ́ tí ẹnu mi kì í ṣíwájú nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí kò ní í tíì mí sínú, èmi á ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Nígbà tó yá, ó kọjá ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Obìnrin kan wà, Testimony ni orúkọ rẹ̀, tó wá jẹ́rìí nínú ọ̀ràn ṣọ́ọ̀bù tó jóná. Ó ti sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò rí ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́. Lọ́yà bi í bóyá ó rí ẹnì kan. Testimony ń wo ilẹ̀. Ẹnu mi sọ pé, "Àbúrò mi ni. Mo rí i, mo sì pè é lórúkọ." Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́yìn, ó bú sẹ́kún, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Yorùbá. Wọ́n mú àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo fi iyọ̀ fọ ẹnu. Mo fi álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́ títí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi bó. Mo gbààwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ó ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún? Inú gbogbo wọn ń dùn. Ẹjọ́ ń yára, àwọn lọ́yà ń tọ akọ̀wé kóòtù lọ pé Madam Nimat làwọn fẹ́, adájọ́ ń yìn mí lójú gbogbo ayé. Ohun tó ń jẹ mí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nílé, a kọ́kọ́ fi ṣe àwàdà. Mojeed á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tírélà rẹ̀, èmi á bá a parí rẹ̀, òun á ní ìyàwó òun ti di aláàfáà. Nígbà tó ṣe, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá ń rò kó tó la ẹnu, ìyẹn kò sì ràn án lọ́wọ́, torí pé inú ìrònú náà gan-an ni nǹkan yìí ti ń bu ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ wá ń wọlé, á kí mi, á jẹun, á kọjú sí ògiri. Mo wá ń wá ìròyìn Sókótó tí mo lé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ọjà dé, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó bọ́ bàtà tán, mo gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Nimat, ẹ̀rù ẹ ń bà mí. Mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkòròdú."

Ó dúró, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "N ò tíì sọ ọ́. N ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá mo máa sọ ọ́."

Mo ní, "Mo mọ̀. Èmi kọ́ ni, Mojeed."

A jọ sunkún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Tó bá ti kúrò lára ẹ, màá padà wá, mo fi Ọlọ́run búra. Àmọ́ má pè mí lórí fóònù. Máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi." Ọwọ́ mi ṣì jẹ́ tèmi, ó mọ ìyẹn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà sí títì. Mo pinnu níbẹ̀ pé nǹkan yìí máa kúrò lẹ́nu mi, bó bá gba kí n wọ ilé gbogbo ẹni tó wà nínú ẹjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo gba Òkè-Ẹgàn lọ. Pa Fáṣínà jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Ohun kan yà mí lẹ́nu. Níwájú rẹ̀, ẹnu mi dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kò já ọ̀rọ̀ kankan gbà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fi sí mi lẹ́nu?"

"Èmi kọ́. Mo fọwọ́ bo tèmi. Ọ̀rọ̀ tá a bá sọ sínú àtẹ́lẹwọ́, ibẹ̀ náà ló ń kú sí. Ìwọ lo sọ ọ́ sókè."

"Adájọ́ ló ní kí n sọ ọ́ sókè."

"Adájọ́ ò sì mọ̀."

"Ẹ bá mi mú un kúrò, Bàbá. Mo bẹ̀ yín."

Ó mi orí. "Tiwa ni ká pè é. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ."

"Ta wá ni í mú un lọ sílé?"

Ó wo títì bí ẹni pé ẹnì kan yóò ti ọ̀hún wá gbà á sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn obìnrin Etí-Omi ni. Lọ́jọ́ keje, àwọn ni wọ́n ń wá sìn ín."

Ẹ̀rín ìbínú ni mo rín. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ búra pé Etí-Omi ò nípìn-ín kankan nínú ọdún yìí. Ẹnu mi yìí ni mo fi túmọ̀ rẹ̀."

"Lọ́yà wa ní tá a bá ti lè sọ ìyẹn, a ti fún wọn ní ìdajì."

N kò mọ èyí tó dùn mí jù. Èèyàn mẹ́sàn-án ṣòfò ẹ̀jẹ̀ létí odò, ìlú méjì ń wo ara wọn bí ológbò àti eku, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni oníkálukú wọn dì mú, tí wọ́n sì ń búra pé odidi ni. Mo kí i, mo dìde. N kò fún un ní àyè láti bẹ̀ mí.

Màmá Hùmúàní ni àgbà nínú àwọn obìnrin Etí-Omi. Orí pákó ni wọ́n gbé ilé rẹ̀ lé, nítorí omi. Mo bá a níbi tó ti ń tú okùn àwọ̀n tó lọ́ pọ̀. Kò wo ojú mi. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó rí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lójú fèrèsé ilé onílé.

Ó ní, "Ta ló pè é?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ọ̀rọ̀ Mojeed. Níbẹ̀ náà, ẹnu mi kò dún lódì. Ó gbọ́ mi tán, ó tẹ́ àwọ̀n sílẹ̀.

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ tó fi ń lọ. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, èmi nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ níbí. Ibi tá a bá ti pè é la ti ń sìn ín, àwọn tójú wọn rí i nígbà tó dé ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí i nígbà tó ń lọ. Bó bá ku ẹnì kan, kò níí lọ."

Mo ronú kan àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: adájọ́, Lọ́yà Martha, Ọlábámijí, Pa Fáṣínà, akọ̀wé. Ìgbà wo ni gbogbo wọn yóò tún wà nínú iyàrá kan náà, bí kò ṣe ọjọ́ tí ẹjọ́ bá tún bọ́ sí?

"Èmi ni wọ́n máa pè lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́rìí Òkè-Ẹgàn," ni Màmá sọ. "Lọ́yà wa ti sọ fún mi. Ó ní wọ́n á bi mí bí Àlejò ṣe ń lọ sílé, kí n sọ gbogbo ẹ̀. Ìlú ti gbà kí n sọ ọ́. Kóòtù fúnra rẹ̀ ló máa bi mí, ọlọ́pàá kankan ò sì lè mú mi pé mo rú àṣẹ adájọ́. O ó gbọ́ ọ látẹnu mi, á sì kúrò lára rẹ. Ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kó o tó sọ tìrẹ."

"Tó bá wá ṣíwájú yín ńkọ́, Màmá?"

Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì péré ló yọ. "Ṣíwájú èmi? Ó mọ̀ mí. Wò ó bó ṣe dákẹ́."

Mo dìrọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́jọ ni o. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá, adájọ́ wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, Ọlábámijí kò yọjú, ó kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn náà kóòtù wọ ìsinmi gígùn. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kó tó di ọ̀rọ̀, mo ń padà sí ilé tí kò sí ẹni tí yóò bá mi sọ̀rọ̀. Nínú ọjà, n kì í ná ọjà mọ́. Mo máa ń nawọ́ sí nǹkan ni. Bí àárò Mojeed bá sọ mí, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sí i pé ó kù díẹ̀. Òun náà á tẹ̀ ẹ́ padà pé òun ń retí mi.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ọjọ́ pé. Mo tẹ̀ ẹ́ sí Mojeed ní àárọ̀ pé òní ni. Ó ti ṣíwájú mi débẹ̀. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, báàgì aṣọ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, torí pé láti ibẹ̀ ló ti fẹ́ bá mi lọ sílé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi díẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

N kò fẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀ fún oríire. Mo tọ Shittu, akọ̀wé kóòtù, lọ, mo ní kó bá mi wá ògbufọ̀ mìíràn fún ẹjọ́ yìí nìkan, pé ara mi kò yá.

Ó wò mí bí ẹni pé mò ń ṣeré. "Madam Nimat, adájọ́ ní láyé, ìwọ nìkan lòun fẹ́. Tára ẹ ò bá yá, wọ́n á tún sún un síwájú. Ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Màmá Hùmúàní ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èmi kò lè fi ọdún tó ń bọ̀ ṣeré. Mo wọlé.

Gbogbo wọn pé. Pa Fáṣínà jókòó sí iwájú, fìlà rẹ̀ tọ́ lórí. Wọ́n mú Màmá wọ àpótí ẹlẹ́rìí, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó ń tẹ̀ lé ìbúra bí mo ṣe ń kà á fún un. Ẹnu mi jẹ́ tèmi. Wọ́n bi í lórúkọ, ó dáhùn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó dáhùn tán. Wọ́n bi í níbi tó ń gbé, ó dáhùn, mo túmọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Pa Fáṣínà jẹ́rìí, n kò tíì rí i nínú kóòtù kí ọ̀rọ̀ èèyàn ṣíwájú tèmi bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi wá ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní lóòótọ́ ni Àlejò mọ àgbà yìí.

Lọ́yà Martha wá béèrè pé, "Màmá, tí ọjọ́ méje bá pé, báwo ni Àlejò ṣe ń lọ sílé?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Màmá fi ojú wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Ó rí i pé wọ́n pé. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gbójú sí mi, ó la ẹnu.

Òórùn ẹrẹ̀ yẹn dé.

Mo fi eyín mú ahọ́n mi. Mo mú un títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹnu mi sì là bí ilẹ̀kùn tí onílé ṣí fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn mi, Gẹ̀ẹ́sì tó dán, tó rọra ń rìn kí adájọ́ lè kọ ọ́: pé Òkè-Ẹgàn ló ń pè é, Etí-Omi ló ń sìn ín, pé àwọn obìnrin máa ń wá lọ́jọ́ keje pẹ̀lú omi tútù, wọn kì í bojú wẹ̀yìn, pé ohun tí wọ́n ń wí nìyí. Ó sì sọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ọ̀kan. Kò dún bí ẹni tí wọ́n ń sìn lọ. Ó dún bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i, tó sì fẹ́ pa á mọ́ sápò. Lẹ́yìn náà ohùn mi ní, "Ibẹ̀ ló parí sí, My Lord."

Màmá ṣì la ẹnu sílẹ̀. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Adájọ́ fa ìlà sábẹ́ ohun tó kọ. Kò gbé ojú sókè láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà Martha ní òun kò ní ìbéèrè mọ́. Ọlábámijí dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun náà kò ní bi Màmá ní nǹkan kan, pé pẹ̀lú ohun tóun gbọ́ yìí, òun rọ kóòtù kó fún ìlú méjèèjì láyè láti lọ jókòó sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Ariwo kékeré sọ láàárín èrò. Mo rí ọkùnrin Òkè-Ẹgàn kan tó bọ ọmọ Etí-Omi kan lọ́wọ́. Pa Fáṣínà nìkan ni kò mira.

Adájọ́ ní, "Irú ẹ̀rí tí kóòtù ń fẹ́ nìyí. Kí Màmá máa sọ̀ kalẹ̀."

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ sọ fún un pé Màmá kò tíì sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kó sọ ọ́, kó jọ̀ọ́. Mo kó gbogbo agbára mi jọ, mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "As the court pleases."

Màmá Hùmúàní dì mọ́ igi àpótí. Ó bi mí pé, "Ṣé mo ti sọ ọ́ ni?"

Ẹnu mi dá a lóhùn ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ti sọ ọ́, Màmá. Ẹ máa lọ sílé."

Ó wò ó. N kò sọ pé ó wò mí. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó kúrò lára ètè mi. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ti igi, ó rọra kúnlẹ̀ lórí eékún àgbà méjèèjì, níwájú mi, nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó."

Àwọn èèyàn rò pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòtù, ṣùgbọ́n Àlejò ló ń kí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ní ẹ̀yìn, Mojeed ti dìde. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí mo ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí Màmá dákẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò rí sọ jáde. Mo ń bẹ ẹnu mi nínú ọkàn. Mo ní kó gba gbogbo ọ̀rọ̀ ayé, kó fi ọ̀kan yìí sílẹ̀ fún ọkọ mi.

"Ó dàbọ̀, Nimat," ni mo gbọ́ tí mo sọ.

Mojeed mi orí bí ẹni tó gbà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde, kò sì tún un sọ.